Ọjọ́ tí Oprah ní òun ò jẹ bọ́gà mọ́: ẹjọ́ àwọn olówò màlúù Texas

Gbólóhùn kúkúrú kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1996, lórí ètò The Oprah Winfrey Show, àlejò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán pé wọ́n ń lọ òkú màlúù kúnná ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń dà á padà sínú oúnjẹ màlúù tó wà láàyè. Oprah Winfrey, atọ́kùn ètò náà, kọjú sí àwọn èrò tó jókòó nínú gbọ̀ngàn, ó bi wọ́n bóyá ohun tí wọ́n gbọ́ yìí kò kọ wọ́n lóminú. Kò dúró gbèsì. Ó ní ní tòun o, ọ̀rọ̀ náà ti dá òun lẹ́kun bọ́gà jíjẹ. Àtẹ́wọ́ ló tẹ̀lé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rin kí ilé ẹjọ́ tó parí ọ̀rọ̀ lórí ètò ọjọ́ náà, láti Amarillo ní Texas títí dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Àwọn tó ń ṣe ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí tẹlifíṣàn máa ń mẹ́nu ba ẹjọ́ yìí bí ìṣẹ́gun fún òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ yẹ ẹjọ́ náà wò á rí i pé gbólóhùn bọ́gà yẹn kọ́ ni ibi tó léwu jù. Yàrá tí wọ́n ti ń gé fọ́nrán ni. Ibẹ̀ ni ètò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ti kó sọ́wọ́ àwọn tó pè é lẹ́jọ́.

Bí ètò náà ṣe wáyé

Ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún náà ni ìjọba Britain kéde nílé aṣòfin wọn pé ó ṣeé ṣe kí àrùn wèrè màlúù ti ran èèyàn. Àwọn dókítà ti rí aláìsàn mẹ́wàá tí àrùn ọpọlọ wọn kò jọ èyí tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àrùn yìí máa ń dá ihò wẹ́wẹ́ sí ọpọlọ màlúù bíi kànìnkànìn. Ẹran náà á máa gbọ̀n, á máa ṣubú, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Oúnjẹ ló ń gbé e kiri: wọ́n á se ẹran àti egungun òkú màlúù tàbí àgùntàn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ oúnjẹ màlúù kí ẹran lè tètè sanra. Sísè kì í pa ohun tó ń fa àrùn náà. Britain ti fòfin de irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láti 1988. Ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin 1996, kò tíì sí òfin kankan lórí rẹ̀. Òpin oṣù kẹta yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ olówò màlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n fúnra wọn jáwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn: wọ́n rọ̀ wọ́n ni, òfin kò tíì de wọ́n. A ó padà bá a níwájú.

Ètò tó ń jáde lójoojúmọ́ kò ní àkókò lọ títí. Nígbà náà, The Oprah Winfrey Show ń jáde lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ti ń jáde káàkiri Amẹ́ríkà láti oṣù kẹsàn-án 1986. Bí ìròyìn ńlá bá ṣẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn tó ń wá àlejò ní láti fi rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á yé ẹni tó ń dáná lọ́wọ́ tó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo tẹlifíṣàn. Howard Lyman ni wọ́n rí. Ó ti sin màlúù ní Montana rí kó tó di ẹni tí kì í fẹnu kan ẹran mọ́, ó sì ń bá Humane Society, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹranko, ṣiṣẹ́ nígbà náà. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀: ó mọ iṣẹ́ náà látinú wá, ó sì mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ tí kò ní kúrò létí. Gary Weber ṣojú National Cattlemen's Beef Association, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olówò màlúù. William Hueston, onímọ̀ nípa àrùn ẹran, wá láti iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀. "Dangerous Food", ìyẹn oúnjẹ eléwu, ni wọ́n pe ètò ọjọ́ náà, nítorí náà kí Weber tó lanu, orúkọ ètò ti gbè sẹ́yìn Lyman. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Chicago, ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ló jáde.

Ohun tí wọ́n sọ lórí àga

Oprah bi Lyman bóyá òótọ́ ló ní àrùn yìí lè mú kí éèdì dà bí ọ̀fìnkìn lásán. Lyman ní bẹ́ẹ̀ ni. Oprah sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó rékọjá ààlà nìyẹn. Lyman kò fà sẹ́yìn. Ó ní 100,000 màlúù ni ilẹ̀ ń ṣú bá láàyè tí ilẹ̀ ń mọ́ bá lókùú lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà, pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń fi bọ́ màlúù mìíràn, àti pé bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá ní àrùn náà, ó lè ran ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Oprah tún bi í báwo ló ṣe dá a lójú. Ó ní òun fojú ara òun rí i. Ìgbà náà ni gbólóhùn bọ́gà bọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún ìbéèrè méjèèjì yẹn gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí Oprah pe ọ̀rọ̀ náà ní àsọrékọjá, ó ń ṣe ohun tí òǹwòran tó gbọ́n ń ṣe nínú ọkàn rẹ̀ nílé. Nígbà tó bèèrè ibi tí Lyman ti mọ̀, ó fipá mú àlejò láti fi orísun ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn. Bí atọ́kùn ètò bá kàn ń mi orí, gbogbo ohun tí àlejò bá sọ ti di ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè kẹta ló tún wá níye lórí jù lọ. Ó yíjú sí Weber, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wí gan-an, ó bi í bóyá lóòótọ́ ni à ń fi màlúù bọ́ màlúù. Weber dáhùn pé wọ́n ń ṣe ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Háà sọ nínú gbọ̀ngàn. Ẹnu aṣojú àwọn olówò màlúù fúnra wọn ni ìdáhùn ti jáde, lórí fọ́nrán, níṣojú gbogbo ayé. A gbà pé ìbéèrè tí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yìí ṣe fún ètò náà ju ohun tí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò lè ṣe lọ, torí láti ìgbà náà ó ti ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé irọ́ funfun báláú ni Lyman pa.

Ibi tí ọ̀bẹ ti bà

Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ju ohun tí àkókò gbà lọ. Ètò wákàtí kan, bí ìpolówó ọjà bá ti mú tirẹ̀, kì í ku ìṣẹ́jú 50. Wọ́n ní láti gé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Weber àti ti Hueston ni ọ̀bẹ bà jù. Ọ̀pọ̀ nínú àlàyé tí àwọn méjèèjì ṣe nípa ètò ààbò tó wà ní Amẹ́ríkà kò dé ọ̀dọ̀ òǹwòran. Àlàyé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣákálá: láti 1989 ni Amẹ́ríkà ti dá màlúù Britain dúró ní ẹnubodè, kò sì tíì sí màlúù kankan tí wọ́n ti rí àrùn náà lára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń gba ètò yìí sílẹ̀.

Báwo ni irú rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀? Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ní ìkà nínú. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú "ṣùgbọ́n" àti "ó ṣeé ṣe", gbólóhùn rẹ̀ gùn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà ní ìdajì kejì. Bí o bá gé e láàárín, ó di ọ̀rọ̀ aláìnítumọ̀. Bí o kò bá gé e, ó jẹ ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ẹni tó ń jà fún nǹkan mọ bí a ṣe ń sọ tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń parí. Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ láago mẹ́wàá alẹ́, tí ó ku ìṣẹ́jú méje tó gbọ́dọ̀ yọ, á máa gé èyí tó gùn. Bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n ṣe ń wọ́ láì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú iṣẹ́ tẹlifíṣàn, ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì lè dá a bí ẹni tó gbọ́ ti ẹnìkan, bí ó bá ti yọ ìdáhùn ẹnì kejì dànù.

Ọ̀nà tí à ń gbà yẹra fún un kò le. Kí ọwọ́ tó kan fọ́nrán, ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ tí a ti tẹ̀ sórí ìwé, fa ilà sábẹ́ gbogbo ẹ̀sùn, kí o sì fi nọ́ńbà kan náà sàmì sí ìdáhùn rẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Ẹ̀sùn 4, ìdáhùn 4. Bí o bá gé ìdáhùn kúrò, o gbọ́dọ̀ gé ẹ̀sùn náà kúrò. Kò sí àbùjá. Lẹ́yìn tí o bá gé tán, ka ìṣẹ́jú tí apá kọ̀ọ̀kan ní, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Ohun tó tún dára ju èyí lọ ni pé kí ẹni tó ń darí ètò ti gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣì ń gbà á sílẹ̀ pé ìdáhùn onímọ̀ yìí kò ní ṣeé lò, kí ó sọ ọ́ sí etí atọ́kùn láti inú ẹ̀rọ, kí atọ́kùn sì tún un bi pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ní gbólóhùn kan, ṣé ẹran náà ṣeé jẹ?" Ìdáhùn kejì máa ń kúrú. Òun ni wàá lò. Fọ́nrán odindi náà, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ni kí o tọ́jú, torí bí ẹjọ́ bá dé, òun ni kóòtù máa fi wé èyí tí o gbé sáfẹ́fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ètò àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí àwọn olówò màlúù ti fárí gá, Oprah pe Weber padà, pẹ̀lú ẹnìkan tó ń sin màlúù. Wọn kò pe Lyman. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, kò sì tó. Àwọn tó wo ti ọjọ́ Tuesday kọ́ ni gbogbo wọn máa wo ti ọ̀sẹ̀ kejì.

Owó tó bọ́

Kí ètò náà tó jáde, màlúù tó ti sanra tó fún pípa ń lọ ní nǹkan bí 61.90 dọ́là fún 100 pọ́ùn ní agbègbè náà ní Texas. Lẹ́yìn rẹ̀, ó já dé àárín 50 sí 60. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ lórí màlúù kan tó wọn 1,200 pọ́ùn. Ní 61.90, owó rẹ̀ jẹ́ 742.80 dọ́là. Ní 55, ó di 660. Èyí tó bọ́ jẹ́ 82.80 dọ́là lórí ẹran kan, bí ọkọ̀ kan bá sì kó ogójì, 3,312 dọ́là. Iye màlúù tó ń tà pẹ̀lú sì dín kù. Ẹni tó ń bọ́ màlúù kò sì lè ní kí ó dúró de ọjà. Màlúù tó ti sanra tán ń jẹun lójoojúmọ́, bí ó bá sì sanra jù, ẹni tó ń rà á fún pípa á yọ owó kúrò. Àwọn olówò náà ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ọjà fi ṣàìsàn.

Àmọ́ ọjà yẹn kò lágbára tẹ́lẹ̀. Ọdún 1996 ni ọ̀dá dá ilẹ̀ Texas lágara, àgbàdo tí wọ́n fi ń bọ́ màlúù sì wọ́n gógó. Kí ènìyàn tó lè sọ iye tó jẹ́ ti Oprah nínú ohun tó bọ́, ó ní láti yọ ti ọ̀dá, ti àgbàdo, àti ti ìròyìn Britain tí gbogbo ìwé ìròyìn ń gbé. Iṣẹ́ ńlá ni fún olùpẹ̀jọ́.

Òfin tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́

Ẹjọ́ ápù ló bí òfin náà. Ní oṣù kejì 1989, ètò 60 Minutes ti iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS sọ̀rọ̀ lórí Alar, oògùn tí wọ́n ń fún sí igi ápù. Ọjà ápù dojú dé. Àwọn àgbẹ̀ ápù ìpínlẹ̀ Washington pe CBS lẹ́jọ́, wọ́n sì fìdí rẹmi torí wọn kò lè fi hàn pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bí ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá ṣe òfin tó dáàbò bo oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá bà á jẹ́. Texas ṣe tirẹ̀ ní 1995. Ohun mẹ́ta ni olùpẹ̀jọ́ ní láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀: pé olùjẹ́jọ́ sọ tàbí dọ́gbọ́n sọ pé oúnjẹ kan tó tètè ń bàjẹ́ kò ṣeé jẹ, pé irọ́ ni, àti pé ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Paul Engler, ẹni tó ni iléeṣẹ́ tó ń bọ́ màlúù tí wọ́n ń pè ní Cactus Feeders, Texas Beef Group àti àwọn mìíràn gbé Oprah, iléeṣẹ́ rẹ̀ Harpo, àti Lyman lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Amarillo. Owó tí wọ́n ń bèèrè ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ.

Amarillo, oṣù kìíní ọdún 1998

Ìlú tí màlúù ń bọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, níwájú adájọ́ Mary Lou Robinson. Òṣìṣẹ́ ètò ojoojúmọ́ mọ ìṣòro tó wà níbẹ̀: ẹjọ́ á gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ètò kò sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Oprah kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Amarillo. Tiata ìlú náà, Amarillo Little Theatre, di gbọ̀ngàn ètò. Ó ń jókòó ní kóòtù lójúmọmọ, ó ń gba ètò sílẹ̀ lálẹ́. Adájọ́ ti pa á láṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ náà níta. Nítorí náà ètò ń lọ láàárín ìlú náà láìdárúkọ ohun tó gbé e wá. Àwọn ará ìlú tó wá jókòó nínú tiata náà rí i bí ó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ilé wọn ló sì ti wá bá wọn. Ìpinnu tó gbọ́n ni.

Agbẹjọ́rò rẹ̀, Charles Babcock, mú onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan wá láti ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí bí wọ́n ṣe máa bá ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń dájọ́ sọ̀rọ̀. Phil McGraw lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn lórí ètò Oprah. Ní oṣù kẹsàn-án 2002, ó ní ètò tirẹ̀, Dr. Phil.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì, adájọ́ yọ òfin oúnjẹ Texas kúrò nínú ẹjọ́. Ó ní màlúù tó ń rìn kì í ṣe oúnjẹ tó tètè ń bàjẹ́ lọ́nà tí òfin náà gbà sọ ọ́, àwọn olùpẹ̀jọ́ kò sì fi hàn pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Ohun tó ṣẹ́kù ni òfin àtijọ́ tó de bíba ọjà ẹlòmíràn jẹ́, èyí tó le láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ju òfin tuntun náà lọ. Ìbéèrè tó dé iwájú ìgbìmọ̀ náà ni bóyá olùjẹ́jọ́ kankan gbé ọ̀rọ̀ irọ́ tó bani lọ́jà jẹ́ jáde, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ nípa màlúù olùpẹ̀jọ́ wọ̀nyí gan-an. Ètò náà kò dárúkọ Engler, kò dárúkọ Cactus Feeders, kò tilẹ̀ dárúkọ Texas. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì 1998, wọ́n dáhùn pé rárá.

Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2000 ni ìdájọ́ kejì jáde, ó sì fi ti àkọ́kọ́ múlẹ̀. Àwọn adájọ́ yìí kò wulẹ̀ dá sí bóyá màlúù alààyè jẹ́ oúnjẹ tó tètè ń bàjẹ́. Wọ́n lọ tààrà sí bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Lórí fífi màlúù bọ́ màlúù, òótọ́ wà ní ìdí ọ̀rọ̀ Lyman: wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, òfin kò sì tíì de é. Ibi tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn lókè nìyẹn. Lórí éèdì àti ọ̀fìnkìn, wọ́n ní àsọdùn ni, àsọdùn kì í sì í ṣe ìbanijẹ́. Ẹ rántí pé Oprah fúnra rẹ̀ ti pè é bẹ́ẹ̀ lórí àga.

Gígé fọ́nrán náà dé iwájú wọn. Wọn kò yìn ín. Wọ́n gbà pé ó mú kí ètò náà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí ohun tó ṣẹ́kù lórí fọ́nrán kò yà kúrò lórí òtítọ́, gígé nìkan kò tó láti fi hàn pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ tan irọ́ kálẹ̀. Fọ́nrán tí wọ́n gé náà ṣì ní ìdáhùn Weber nínú. Ká ní wọ́n ti gé "ìwọ̀nba díẹ̀" yẹn kúrò pẹ̀lú, tí wọ́n fi ẹ̀sùn Lyman sílẹ̀ ní òun nìkan, ọ̀nà ì bá ti ṣí fún àwọn olùpẹ̀jọ́ láti sọ pé wọ́n fi ìdáhùn pamọ́.

Kí ẹjọ́ náà tó dé Amarillo pàápàá, ní oṣù kẹjọ 1997, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de fífi ẹran màlúù bọ́ màlúù. Ní oṣù kejìlá 2003, wọ́n rí àrùn náà lára màlúù kan ní ìpínlẹ̀ Washington, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Òfin Texas ṣì wà nínú ìwé. Irú rẹ̀ tó wà ní South Dakota ni Beef Products Inc. fi pe ABC News lẹ́jọ́ ní 2012, lórí ẹran lílọ̀ tí ìròyìn wọn ń pè ní orúkọ tó ń kó èèyàn nírìíra. Òfin tibẹ̀ gbà kí owó ìtanràn di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2017, wọ́n sì parí rẹ̀ nítùnbí-ìnùbí kí oṣù náà tó parí. Àkọsílẹ̀ ìṣúná Disney, iléeṣẹ́ tó ni ABC, fi hàn pé mílíọ̀nù 177 dọ́là ló bá a lọ, kò sì sí ìgbìmọ̀ ará ìlú kankan tó ráyè dáhùn ìbéèrè tí ti Amarillo dáhùn.